Ọkùnrin fẹ́ ṣe ìyá nínú eré ìkórè wa: báwo ni kí n ṣe rán aṣọ rẹ̀ tí ẹ̀rín kò fi ní bọ́ sórí ìyá?

Aránṣọ Òkè-Ajé:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ̀yin ará Rẹ́mọ náà, ẹ kú ìjokòó. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà. Aránṣọ ni mí, ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń jókòó ti ẹ̀rọ, ìtòsí ọjà Òkè-Ajé sì ni ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹni tó bá mọ Ìjẹ̀bú mọ̀ pé aránṣọ kì í sùn nígbà tí Ojúde Ọba bá kù dẹ̀dẹ̀. Aṣọ régbérégbé ni, ti ọkọ ni, ti aya ni, ti ọmọ ọwọ́ ni. Ó di ìgbà tí Iléyá bá kọjá, tí ọjọ́ kẹta rẹ̀ náà bá lọ tán, ká tó rí àyè mí. Inú àyè yẹn ni ìjọ wa ti bá mi, wọ́n ní kí n bá àwọn ọ̀dọ́ rán aṣọ eré ìkórè.

Eré náà dá lórí opó kan. Ọkọ rẹ̀ kú, ẹbí ọkọ kó ilé, wọ́n kó oko, òun àti ọmọ mẹ́ta ló kù. Gàrí ló ń tà tó fi rán wọn níwèé. Ọmọkùnrin kan ni wọ́n ní kó ṣe ìyá yìí. Mẹkáníìkì ni, ó ga, ó síngbọnlẹ̀. Èjìká rẹ̀ jẹ́ íńṣì 19 nígbà tí mo na tẹ́ẹ̀pù sí i. Ó mọ eré ṣe, ẹ má rò pé mò ń bú u. Ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò, ó ró ìró kan mọ́dìí, ó ki tìmùtìmù sí ìdí, ó sọ ohùn rẹ̀ di tín-ín-rín, ó sì ń mi ìdí bọ̀ wá sáàárín wa. Gbogbo ilé wó. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Mo délé, mi ò lè sùn. Ìyá tó bí mi, opó ni. Gàrí ló tà. Ọdún 14 ni mo fi rí i lójoojúmọ́ tó ń gbé igbá kúrò nílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kò sì sí ọjọ́ kan tó mi ìdí. Ẹni tó ru gàrí kò lè mi ìdí, gàrí yóò dànù. Ta wá ni gbogbo wa ń fi rẹ́rìn-ín nínú gbọ̀ngàn yẹn?

Ọmọ mi ọkùnrin tó ń kàwé ní Àgọ́-Ìwòyè ló rí i pé ọ̀rọ̀ náà ń jẹ mí lọ́kàn. Ó ní, "Màmi, fíìmù kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ wò." Ní Sátidé, a jẹ ìkọ́kọrẹ́ tán, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ. Tootsie ni wọ́n ń pe fíìmù náà. Ọdún 1982 ló jáde ní Amẹ́ríkà, Sydney Pollack ló darí rẹ̀, Dustin Hoffman sì ni òṣèré tí gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé lórí. Gẹ̀ẹ́sì wọn yá jù fún mi, ṣùgbọ́n ọmọ mi ń dá a dúró, ó ń túmọ̀ rẹ̀.

Fún ẹni tí kò tíì wò ó: òṣèré kan wà ní New York, Michael Dorsey. Ó mọṣẹ́, àmọ́ ó máa ń bá olùdarí jiyàn. Wọ́n ní kó ṣe tòmátì nínú ìpolówó ọjà, wọ́n ní kó jókòó, ó ní tòmátì kì í jókòó. Títí dórí irú ìyẹn ló ń bá wọn jà, títí kò fi sí ẹni tó fẹ́ fún un níṣẹ́ mọ́. Ó sì ń wá 8,000 dọ́là tí wọn yóò fi gbé eré tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ sórí ìtàgé. Ló bá fá irùngbọ̀n, ó dé wíìgì, ó fi awò ńlá sójú, ó sọ ara rẹ̀ di Dorothy Michaels, ó lọ wá iṣẹ́ nínú eré tẹlifíṣọ̀n kan tó dá lórí ilé ìwòsàn. Wọ́n gbà á. Wọ́n ní kó máa ṣe Emily Kimberly, obìnrin tó jẹ́ alákòóso ilé ìwòsàn náà. Kò pẹ́ tí gbogbo ayé fi fẹ́ràn Dorothy, tí àwòrán rẹ̀ fi wà lẹ́yìn ìwé ìròyìn. Ẹni tó ń bá a wá iṣẹ́ nìkan àti ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń gbé ló mọ̀ pé ọkùnrin ni.

Ojú aránṣọ ni mo fi wò ó. Orúkọ Ruth Morley ni mo rí pé ó ṣètò aṣọ. Ẹ wo ọrùn Dorothy: kọ́là gíga, tàbí aṣọ tí wọ́n so ní ọ̀fun, kí gògóńgò má hàn. Kò sí ìdí tí wọ́n fi fọ́ọ̀mù kún ní àkúnjù, kò sí ọyàn tó yọ sóde bí àgbọn. Ẹni tó rán aṣọ yẹn kò rán ẹ̀fẹ̀. Ó rán aṣọ fún obìnrin kan tó ti dàgbà díẹ̀, tó níyì, tó mọ ohun tó yẹ òun. Nígbà tí fíìmù ń parí lọ, tí àṣírí ti tú tán, Julie, òṣèré obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣe eré tẹlifíṣọ̀n náà tí Michael sì fẹ́ràn, tó ti gbà pé Dorothy ni ọ̀rẹ́ tó dára jù tí òun ní, bi Michael bóyá yóò yá òun ní aṣọ yẹ́lò kan báyìí. Michael ní rárá, yóò bà á jẹ́. Omi lé sí mi lójú. Ọmọ mi rò pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ló ń pa mí lẹ́kún. Ọ̀rọ̀ aṣọ ni. Àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ aṣọ náà bí ohun ìní obìnrin kan tó ti wà láyé rí.

Ìbéèrè mi nìyí. Aṣọ ọmọkùnrin yìí, báwo ni kí n ṣe rán an tí àwọn èèyàn yóò fi rí ìyá, tí wọn ò ní rí aláwàdà? Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣeré rí, ẹ dákun.

Bàbá Olùkọ́, Ọ̀sọ̀ṣà:

Ìyá aránṣọ, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìrònú. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Iṣẹ́ tíṣà ni mo fẹ̀yìn tì nídìí rẹ̀, ilé ìwé ọkùnrin nìkan ni mo sì ti lò púpọ̀ jù nínú ọdún mi. Ẹ mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí: bí a bá fẹ́ ṣeré ìparí ọdún, ọmọkùnrin ló ń ṣe ìyá, òun ló ń ṣe ìyàwó, òun ló ń ṣe arúgbó.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti àárín wa níbí. Ọkùnrin tó ń ṣe obìnrin nínú eré kì í ṣe ohun tí òyìnbó kọ́ wa. Ọ̀dọ̀ eégún apidán ni eré alárìnjó ti ṣẹ̀, ọkùnrin ló ń gbé eégún. Wọ́n a ṣe Tápà, wọ́n a ṣe òyìnbó, wọ́n a ṣe ọ̀mùtí, wọ́n a sì ṣe obìnrin. Ọmọ ìlú mi ló yí i padà, Hubert Ògúndé. Ó dá ẹgbẹ́ rẹ̀, African Music Research Party, sílẹ̀ ní 1945. Nígbà tó gbé Tiger's Empire jáde ní 1946, ó kéde àwọn obìnrin gẹ́gẹ́ bí òṣèré tó ń fi eré jẹun. Kò rọrùn. Láyé ìgbà náà, bàbá wo ló fẹ́ gbọ́ pé ọmọbìnrin òun ń bá eléré kiri láti ìlú dé ìlú? Orúkọ burúkú ni wọn yóò sọ ọ́. Ògúndé fẹ́ púpọ̀ nínú àwọn òṣèré obìnrin rẹ̀ sílé, ìyẹn sì mú kí ẹgbẹ́ náà dúró títí ọkọ̀ rẹ̀ fi gbé eré káàkiri ilẹ̀ yìí. Mo rí àwọn obìnrin náà lójú ara mi nígbà tí mo wà ní kékeré. Wọ́n jó, wọ́n kọrin, wọ́n sọ̀rọ̀, mi ò sì gbàgbé bí bàbá mi ṣe dákẹ́ tó ń wò wọ́n.

Ọ̀rọ̀ aṣọ wá kàn. Ẹ yọ tìmùtìmù yẹn kúrò ní ìdí rẹ̀. Ẹ má rán aṣọ tuntun fún opó tó ń ta gàrí. Ẹ wá àǹkárá tó ti ṣá tàbí àdìrẹ tí oòrùn ti mu, bùbá tí apá rẹ̀ fẹ̀ kí iṣan ọwọ́ rẹ̀ má hàn. Gèlè kékeré ni kó wé, kó má wulẹ̀ dé wíìgì. Èjìká 19 yẹn, ẹ jẹ́ kí ojú rírán apá bọ́ sílẹ̀ díẹ̀, ojú yóò rò pé èjìká náà ló wálẹ̀.

Ti ìrìn, ẹ má kọ́ ọ. Ẹ wọn gàrí sínú igbá, ẹ gbé e rù ú, kó rìn yí ilé ìjọ ká ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Ẹrù náà ni yóò kọ́ ọ. Mo ti ṣe é fún àwọn ọmọ iléèwé mi rí. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, ọrùn á ti le, ojú á ti kojú sí iwájú, ọwọ́ á ti máa wá ibi tí yóò dì mú. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó rántí àtimi ìdí.

Ìyá Ìbejì, Ṣàgámù:

Bàbá ti sọ ọ̀rọ̀ aṣọ, mi ò mọ̀ ọ́n rán. Ọ̀rọ̀ orúkọ ni tèmi.

Mo wo fíìmù yẹn ní ọjọ́ tó ti pẹ́, mo sì tún padà wò ó nígbà tí mo fẹ̀yìn tì. Ibi kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń dìde dúró bó bá dé. Ron, olùdarí eré tẹlifíṣọ̀n náà, ń pe Dorothy ní orúkọ ìfẹ́ kan báyìí, Tootsie, bí ìgbà tí èèyàn ń ké sí ọmọ kékeré tàbí àlè. Dorothy dá a dúró lójú gbogbo òṣìṣẹ́. Ó ní àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀, orúkọ wọn ni Ron ń pè wọ́n. Ó ní òun náà ní orúkọ, Dorothy sì ni.

Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan. Ọ̀gá wa a máa pe gbogbo ọkùnrin ní Ọ̀gbẹ́ni Báyìí, Ọ̀gbẹ́ni Bẹ́ẹ̀. Àní ọmọkùnrin tó ń ra oúnjẹ fún wa, orúkọ rẹ̀ ló ń pè é. Tèmi di "baby". Lójú àlejò ni, nínú ìpàdé ni, nígbà tí mo bá gbé fáìlì wọlé ni. Nígbà yẹn mo ti bí ìbejì, mo ti sin bàbá mi, mo ti fi ìpìlẹ̀ ilé kan lélẹ̀ ní ọ̀nà Ìjọkùn. Àwa Yorùbá kì í fi bẹ́ẹ̀ pe àgbà ní orúkọ rẹ̀ gangan, mo mọ̀. Ẹ pè mí ní Ìyá Ìbejì, mo jẹ́ ẹ. Ẹ pè mí ní orúkọ ọkọ mi, mo jẹ́ ẹ. Orúkọ wọ̀nyẹn ń sọ ohun tí mo ṣe láyé. "Baby" kò sọ nǹkan kan nípa mi. Mi ò dá a lóhùn rí fún ọdún mẹ́rìnlá. Ìgbà tí Dorothy sọ ọ́, ó dà bí ẹni pé ó bá mi gbé òkúta kan kúrò láyà, ó sì tún dùn mí pé ọkùnrin ló ní láti wọ aṣọ obìnrin kí ọ̀rọ̀ náà tó rí ẹnu sọ.

Ìyá aránṣọ, ẹ béèrè pé ta là ń fi rẹ́rìn-ín. Nínú fíìmù náà, ẹ tún padà wò ó dáadáa, ẹ̀rín kì í lọ sọ́dọ̀ Dorothy. Michael tí àyà rẹ̀ ń já ni à ń rín. Ron là ń rín. Bàbá òṣèré tó máa ń fi dandan fẹnu ko gbogbo obìnrin lẹ́nu là ń rín, èyí tí Dorothy fi fáìlì gbá lórí kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí eré yín náà bá máa pani lẹ́rìn-ín, ẹ darí ẹ̀rín náà sí àwọn ẹbí ọkọ tó wá ń ka ìkòkò àti ibùsùn. Àwọn ni kí wọ́n mi ìdí.

Ọmọ Tíátà:

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa. Àgọ́-Ìwòyè ni mo wà, eré orí ìtàgé ni mò ń kọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi, ọmọ yín ni mí.

Kò sí ẹni tó tíì dárúkọ Sandy. Teri Garr ló ṣe é. Ọ̀rẹ́ Michael ni, òṣèré tí iṣẹ́ kò rí fún. Iṣẹ́ Emily Kimberly yẹn, Sandy ló kọ́kọ́ lọ wá a. Michael fúnra rẹ̀ ló bá a múra, tó kọ́ ọ bí yóò ṣe ka ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n lé Sandy padà kó tó ka ìlà kan, wọ́n ní ìrísí rẹ̀ kò bá a mu. Michael ló padà lọ gbà á. Kò sọ fún un. Nígbà tí Sandy bá a nínú yàrá tó ti bọ́ṣọ, tí ó jẹ́ pé aṣọ Sandy ló fẹ́ dán wò, irọ́ ìfẹ́ ló fi bo ara rẹ̀. Ó tún jẹ́ kí Les, bàbá Julie, ra òrùka ìgbéyàwó fún obìnrin tí kò sí. Mo fẹ́ràn fíìmù yẹn gan-an, mo ti wò ó tó ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ẹ̀ẹ̀mẹfẹ̀ẹ̀fà ni ọ̀rọ̀ Sandy ń dùn mí. Michael dá òrùka Les padà fún un, ó wá Julie lọ sí ẹnu ọ̀nà iṣẹ́, ó bẹ̀ ẹ́. Ti Sandy kò rí bẹ́ẹ̀. Ó bínú, ó kígbe, ó lọ, kò sí ẹni tó sáré tẹ̀ lé e.

Ẹ̀bùn Oscar mẹ́wàá ni wọ́n dárúkọ fíìmù náà fún. Ọ̀kan ṣoṣo ló gbà, Jessica Lange tó ṣe Julie ló sì gbà á. Teri Garr wà lára àwọn tí wọ́n jọ du ẹ̀bùn yẹn gan-an.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín nìyí, Màmá. Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wa ohun tí Ògúndé là kọjá kí obìnrin tó lè dúró sọ̀rọ̀ lórí ìtàgé nílẹ̀ yìí. Nínú gbogbo ọ̀dọ́ ìjọ yín, ṣé kò sí ọmọbìnrin kankan tó fẹ́ ṣe ìyá yìí ni?

Aránṣọ Òkè-Ajé:

Mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó lè dáhùn.

Ó wà. Ọmọbìnrin kan wà, ọmọ alátà, òun fúnra rẹ̀ ló ń bá ìyá rẹ̀ jókòó ti ẹ̀rọ ata lẹ́yìn iléèwé. Ní ọjọ́ tí wọ́n ń pín eré, ó na ọwọ́. Ó ní òun fẹ́ ṣe ìyá. Wọ́n ní ohùn rẹ̀ kò lè dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, wọ́n sì tún ní bí ọkùnrin bá ṣe é, yóò dùn jù. Ó dá ọwọ́ rẹ̀ padà sílẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Tẹ́ẹ̀pù wà lọ́rùn mi. Mi ò sọ nǹkan kan, èjìká ọmọkùnrin ni mo lọ ń wọ̀n. Nígbà tí mo kọ ìbéèrè mi lókè yẹn, mi ò rántí rẹ̀ rárá. Mo wo Sandy nínú fíìmù pẹ̀lú ojú mi méjèèjì, mi ò rántí rẹ̀.

Ará Ìpẹru:

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Ẹ jẹ́ kí n gbèjà mẹkáníìkì yẹn díẹ̀, nítorí kò sí níbí.

Rẹ́mọ ni bàbá mi, ará Yewa ni ìyá mi, ìlú wọn la sì ti máa ń lo ìsinmi. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni mo dàgbà sínú rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ọkùnrin ló ń gbé e. Ó gbé ère igi sórí, ó di ọyàn mọ́ àyà, ó di ìdí, ó so ìkù mọ́ ẹsẹ̀, ó ń jó bí obìnrin. Kò sí ẹni tó ń fi obìnrin ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀. Àwọn ìyá ni wọ́n ń bu ọlá fún, àwọn ìyá sì jókòó síwájú, wọ́n ń wò ó. Bí ó bá jó o dà rú, wọ́n á jẹ́ kó mọ̀. Ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí. Ní 2001, UNESCO kéde rẹ̀ pé ó wà lára àwọn ohun àjogúnbá ọmọ ènìyàn.

Nítorí náà, mi ò fẹ́ ká sọ pé ọkùnrin kò gbọdọ̀ ṣe ìyá láéláé. Ohun tí ó ń bẹ lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó wọ aṣọ náà ló ṣe pàtàkì. Mo gbọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan tí Dustin Hoffman ṣe pẹ̀lú àwọn AFI, àjọ fíìmù kan ní Amẹ́ríkà. Ó ní nígbà tí wọ́n kun òun ní àtíkè, tí òun wo ara òun, òun ní kí wọ́n sọ òun di arẹwà. Wọ́n ní ibi tí wọ́n lè ṣe é dé nìyẹn. Ó délé, ó ń sunkún níwájú ìyàwó rẹ̀. Ó ní òun rí i pé obìnrin tí òun ń ṣe yìí gbọ́n, ó sì yẹ ní bíbá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bí òun bá pàdé rẹ̀ ní òde àríyá, òun kò ní dá sí i nítorí kò rẹwà. Ó wá ń ro gbogbo obìnrin tí òun ti kọjá lára wọn báyẹn. Ọkùnrin tó bá wọ aṣọ obìnrin tó rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó wọ̀ ọ́.

Ọmọ Tíátà:

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yín yé mi, mo sì gbà pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yẹn, kò sí obìnrin tó nawọ́ tí wọ́n ní kó gbé e sílẹ̀ kí ọkùnrin lè jó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde nìyẹn.

Bàbá Olùkọ́, Ọ̀sọ̀ṣà:

Ẹ má jà. Ìyá aránṣọ, ẹ ní kí àwọn méjèèjì kà á. Ibì kan náà ni kí wọ́n kà, kí wọ́n má wọ aṣọ eré, kí ẹnikẹ́ni má ki nǹkan kan sí ìdí. Ibi tí àwọn ẹbí ọkọ ti ń gba kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ rẹ̀ ni kí ẹ mú, nítorí kò sí ibi tí èèyàn yóò sá pamọ́ sí níbẹ̀. Ti ohùn tí wọ́n ní kò dé ẹ̀yìn, mo ti kọ́ ọmọ ní ohùn fún ọgbọ̀n ọdún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó. Kó máa bá ẹni tó wà ní òdìkejì pápá sọ̀rọ̀ láìpariwo, ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́.

Aránṣọ Òkè-Ajé:

Ẹ kú àtijọ́. Iṣẹ́ ló gbé mi lọ, mo sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lójú kí n tó padà wá.

Mo bá ọ̀gá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀. Kò kọ́kọ́ gbà, ó ní a ti pín eré tán. Mo ní bí wọn ò bá jẹ́ kí ọmọ náà kà á, èmi kò ní rán aṣọ. N kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìjọ rí. Ní Sátidé, wọ́n kà á. Mẹkáníìkì ló kọ́kọ́ kà, ó sì kà á dáadáa, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbàrà tó lanu ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín, kò tíì sọ nǹkan kan tó pani lẹ́rìn-ín. Ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Mo rí i lójú rẹ̀ pé kò dùn mọ́ ọn. Ọmọbìnrin náà wá kà á. Ohùn rẹ̀ kéré lóòótọ́. Ó mú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù mi tí mo yá a lọ́wọ́, ó nà án sí ẹni tó ń ṣe àbúrò ọkọ, kò sì jù ú sílẹ̀ bí ìwé ṣe ní kó ṣe. Ó di í mú. Ẹni yẹn ní láti fà á gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo wa ń gbọ́ ìró fáànù.

Wọ́n fún un. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni inú rẹ̀ dùn, àgbà kan ṣì ń sọ pé ìkórè ọdún yìí kò ní lẹ́rìn-ín nínú. Mẹkáníìkì kò kí mi fún ọjọ́ méjì. Ọjọ́ kẹta ló wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí n rán agbádá fún òun, òun ni yóò ṣe àbúrò ọkọ tó wá ń ka ìkòkò, òun sì fẹ́ kí agbádá náà tóbi ju òun lọ. Mo sọ ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì fún un nípa mímì ìdí. Ó ní kí n fi í sílẹ̀ fún òun. Alaalẹ́ ni ọmọbìnrin náà ń lọ dúró sí òdìkejì pápá bọ́ọ̀lù báyìí, ìyá rẹ̀ sì wà ní ìhín, ó ń dá a lóhùn. Bàbá Olùkọ́, a dúpẹ́.

Bùbá tí mo ti gé fún íńṣì 19, mo ti ń tú u. 15 ni èjìká ọmọ náà. Èyí tó ṣẹ́kù, mi ò gé e dànù, mo ká a sínú. Ti ìró, Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo lọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi, ó sì béèrè pé ta ló wá fẹ́ ṣe òun. Mo ní ọmọ alátà kan ni. Ó wọ yàrá, ó mú ìró àdìrẹ kan wá láti ìsàlẹ̀ àpótí, èyí tó ti ṣá ní ibi tí ó máa ń fi ọwọ́ nù sí. Ó ní kí n sọ fún ọmọ náà kó ró o sókè díẹ̀, kó jẹ́ kí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn, pé ẹni tó bá ń ru gàrí lọ sí Òkè-Ajé kì í ró ìró tó ń gbálẹ̀.